Ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì: ibo ni kí ẹni tó ti gbàgbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní kí a ti mọ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì kí a tó dé. Mo ti há orúkọ gbogbo ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì sórí, àmọ́ bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé gan-an, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni mo lè fi sílẹ̀ ná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé osmosis náà, kò yé mi rí.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Ibi tí ẹ gbà wọnú ẹ̀kọ́ náà ló fa wàhálà yín. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń gbé àwòrán sẹ́ẹ̀lì ńlá kan kalẹ̀, wọ́n á to orúkọ bí ogún yí i ká, wọ́n á sì kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ní ìlà kan. Ẹni tó bá há ìyẹn sórí á lè sọ pé mitochondria ni ilé agbára sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá bi í léèrè pé, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní mitochondria kankan, báwo ló ṣe ń rí agbára? Á dákẹ́.

Ẹ pa àwòrán yẹn dé ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Kí ló ń gba inú rẹ̀ wọlé? Kí ló ń jáde? Kí ni kò lè kọjá? Èwo nínú wọn ló ń ná agbára kó tó kọjá? Bí ẹ bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí, osmosis á yé yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì náà kò ní ṣòro mọ́, nítorí awọ irú kan náà ló pààlà fún wọn.

Ìwọ̀n ṣáájú ohun gbogbo

Mílímítà kan jẹ́ màìkírómítà 1,000, èyí tí a ń kọ ní µm. Màìkírómítà kan jẹ́ nánómítà 1,000, èyí tí a ń kọ ní nm. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fẹ̀ tó 7 sí 8 µm. Bakitéríà tí à ń pè ní E. coli gùn tó nǹkan bí 2 µm. Ẹyin obìnrin fẹ̀ tó nǹkan bí 100 µm, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Ribosome, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì, kò ju 20 sí 30 nm lọ, awọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bí 7 sí 8 nm.

Ẹ gbé àwọn nọ́ńbà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára mikirosíkóòpù ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó 200 nm. Ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ní kí ẹ ya ohun tí ẹ rí lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, ògiri sẹ́ẹ̀lì, nucleus (yàrá tí DNA wà) àti cytoplasm (omi kíki inú sẹ́ẹ̀lì) tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni ẹ máa rí. Ribosome kò lè hàn. Chloroplast, ẹ̀yà aláwọ̀ ewé tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé ìdí àlùbọ́sà kì í ṣe ewé tó ń gba oòrùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á fi chloroplast sí i, torí pé ìwé sọ pé sẹ́ẹ̀lì ewéko ní i. Ẹni tó ń máàkì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú ìwé ni wọ́n ti yà á.

Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ mú àpótí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1 cm. Gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ 6 cm², inú rẹ̀ jẹ́ 1 cm³, ìyẹn 6 sí 1. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ náà di 2 cm: ojú di 24, inú di 8, ó wá di 3 sí 1. Bí ẹ̀gbẹ́ bá di 10 cm, ojú jẹ́ 600, inú jẹ́ 1,000, ojú kò tó inú mọ́. Ojú ni oúnjẹ àti ọ́síjìn ń gbà wọlé, inú ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń tóbi sí i ni inú ń béèrè ju ohun tí ojú lè gbà wọlé lọ. Ìṣirò kékeré yìí ló ṣàlàyé ìdí tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi tẹ́, tó tún kó sínú láàárín, ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ìfun fi hu ọ̀pọ̀ ìka tín-ín-tín sójú, àti ìdí tí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára fi lè gùn tó mítà kan ṣùgbọ́n tó tín-ín-rín.

Ní ti ìtàn, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Robert Hooke rí ògiri sẹ́ẹ̀lì tó ti kú lára èèpo igi ní 1665. Schleiden ní 1838 àti Schwann ní 1839 sọ pé sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ewéko àti ẹranko. Virchow sọ ní 1855 pé inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá. Ó tó.

Awọ náà

Ìpele ọ̀rá méjì ni awọ sẹ́ẹ̀lì. Mólékù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù méjì tó ń sá fún omi. Nítorí pé omi wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó tún wà lóde rẹ̀, àwọn orí á kọjú sómi lápá méjèèjì, àwọn ìrù á sì sá pamọ́ sáàárín. Wọ́n ń to ara wọn bẹ́ẹ̀ ni, kò gba agbára. Purotéènì wà káàkiri inú ọ̀rá yìí, àwọn mìíràn là á já láti inú dé òde, ọ̀pọ̀ wọn sì ń rìn kiri nínú rẹ̀. Singer àti Nicolson ló gbé àpèjúwe yìí kalẹ̀ ní 1972, òun náà la ṣì ń lò.

Ẹ má há ohun tó ń kọjá àti ohun tí kò lè kọjá sórí. Ẹ wo àárín awọ náà, ẹ ó rí i pé ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá kéré tí kò sì ní iná mànàmáná lára, bí ọ́síjìn àti carbon dioxide, á là á já wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó bá bá ọ̀rá rẹ́, bíi họ́mọ́ọ̀nù steroid, á kọjá náà. Ion bíi sodium, potassium àti chloride ní iná lára, ọ̀rá kò gbà wọ́n. Glúkóòsì tóbi, ó sì fẹ́ràn omi, òun náà kò lè dá kọjá. Omi fúnra rẹ̀ ń gba inú ọ̀rá kọjá díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bí ó bá ní láti yára, ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, purotéènì tí à ń pè ní aquaporin. Peter Agre tó ṣàwárí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Ọ̀rọ̀ agbára ni ọ̀pọ̀ ń ṣì gbọ́. Wọ́n rò pé ohunkóhun tó bá gba inú purotéènì kọjá ti ná ATP, owó agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Rárá o. Glúkóòsì ń gba inú purotéènì wọ sẹ́ẹ̀lì pupa láìná nǹkan kan, nítorí pé láti ibi tó ti pọ̀ ló ń lọ síbi tí kò ti pọ̀. Ẹ wo ìhà tí nǹkan ń kọjú sí, ẹ má wo ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ń ti ibi púpọ̀ lọ síbi díẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ń ti ibi díẹ̀ lọ síbi púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ sanwó.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sanwó jù nínú ara yín ni ẹ̀rọ tó ń ti sodium jáde. Fún ATP kan tó bá ná, ó ń ti sodium 3 sóde, ó ń fa potassium 2 wọlé. Jens Skou ló kọ́kọ́ júwe rẹ̀ ní 1957. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mú kí potassium inú sẹ́ẹ̀lì tó nǹkan bí 140 mmol/L (ìwọ̀n iye èérún nínú lítà kan) nígbà tí ti inú omi ẹ̀jẹ̀ kò ju bíi 4 lọ. Sodium wá jẹ́ òdì kejì rẹ̀, ó tó 140 lóde, ó jẹ́ bíi 10 sí 15 nínú. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn dé wọ́ọ̀dù. Bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ ti potassium chloride sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan náà láìpò ó mọ́ omi púpọ̀, potassium òde á fò sókè, ìyàtọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn fi ń lù á bàjẹ́, ọkàn lè dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi kọ́ yín pé potassium kì í ṣe abẹ́rẹ́ à-tì-wọlé lójijì.

Osmosis

Osmosis kò ju ìrìn omi lọ. Bí awọ kan bá jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ohun tó yọ́ sínú omi kọjá, omi á máa lọ sí apá tí ohun tó yọ́ ti pọ̀ jù.

Ìdí tí kò fi yé yín ni pé ìwé kan á sọ pé omi ń lọ láti ibi tó ti pọ̀ síbi tí kò ti pọ̀, ìwé kejì á sọ pé ó ń lọ láti ibi tí kò ki síbi tó ki. Òótọ́ ni méjèèjì: omi ni èkíní ń kà, ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ni èkejì ń kà. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má yí i padà. Ẹ máa ka ohun tó yọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ iye rẹ̀ sóde, kí ẹ fa ọfà omi lọ síbi tí nọ́ńbà ti tóbi jù. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi hypertonic (ohun tó yọ́ pọ̀ jù) àti hypotonic (ohun tó yọ́ kéré jù) kò sì dá dúró. Omi tó wà lóde ni a ń fi wọ́n júwe, a sì gbọ́dọ̀ sọ sẹ́ẹ̀lì tí a fi wé e.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lo dírípù. Omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà ní nǹkan bí 275 sí 295 mOsm (ìwọ̀n iye èérún tó yọ́) fún kìlógíráàmù omi. Normal saline, dírípù oníyọ̀, jẹ́ 0.9%, ìyẹn gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà 1. Dextrose, ìyẹn dírípù glúkóòsì, jẹ́ 5%, ìyẹn gíráàmù 50. Báwo ni gíráàmù 9 ṣe bá gíráàmù 50 dọ́gba? Nítorí pé omi kì í ka ìwúwo, iye èérún ló ń kà. Mole ni a fi ń ka èérún, mmol sì jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 rẹ̀; mole kan iyọ̀ wúwo tó gíráàmù 58.5. Ẹ pín 9 sí 58.5, ẹ ó rí 0.154 mole, ìyẹn 154 mmol. Bí iyọ̀ bá dé inú omi, ó ń pín sí méjì, sodium lọ́tọ̀, chloride lọ́tọ̀, nítorí náà ó di 308. Mole kan glúkóòsì wúwo tó gíráàmù 180, kì í sì í pín. Ẹ pín 50 sí 180, ẹ ó rí 278 mmol. Bí ẹ bá rí 252 lára àpò dextrose, ẹ má bẹ̀rù: irú glúkóòsì tó ní omi lára ni wọ́n wọ̀n, ìyẹn wúwo tó gíráàmù 198, 50 sí 198 sì ni 252.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí omi lásán bá wọnú iṣan? Òde jẹ́ òdo, inú sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ bíi 290. Omi á wọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lóde, omi á jáde, sẹ́ẹ̀lì á súnkì.

Ibi tí osmosis ti dùn jù nìyí, tí ọ̀pọ̀ ìwé sì ń fò ó. Ẹ po urea (èròjà kan tó wà nínú ìtọ̀) mọ́ omi títí ó fi tó 300 mmol/L, kí ẹ wá kó sẹ́ẹ̀lì pupa sínú rẹ̀. Nọ́ńbà bára mu, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì á bẹ́. Kí ló fà á? Urea lè la awọ sẹ́ẹ̀lì pupa kọjá. Bó ṣe ń wọlé ni iye inú ń pọ̀ sí i, omi á sì tẹ̀ lé e. Ohun tó lè kọjá kò lè di omi mú lóde. Dextrose 5% fara jọ ìyẹn. Nínú àpò, ó bá ẹ̀jẹ̀ dọ́gba; nígbà tó bá dé ara, sẹ́ẹ̀lì á gba glúkóòsì náà, wọ́n á lò ó tán, omi nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fẹ́ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú ní dextrose 5%.

Ewéko yàtọ̀, nítorí ògiri líle wà lẹ́yìn awọ rẹ̀. Bí omi bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á kún, á le, àmọ́ kò ní bẹ́. Ewé ewédú tó ti rọ tí ìyá ọlọ́jà bu omi wọ́n tó sì tún le, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló tún kún. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lóde, awọ á fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri. Ẹ lè fi ojú yín rí i lára àlùbọ́sà pupa. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ tó ní àwọ̀ lára ìpele rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹ̀lú ẹ̀kán omi kan, ẹ gbé ìbòrí lé e láti ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́. Ẹ po gíráàmù 5 iyọ̀ mọ́ 100 ml omi, ẹ kán án sí etí ìbòrí kan, kí ẹ fi ìwé ìnuwọ́ fa omi láti etí kejì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ pupa náà á kóra jọ sáàárín sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fa omi lásán gba abẹ́ rẹ̀, á tún tẹ́, bí ẹ kò bá jẹ́ kó pẹ́ jù nínú iyọ̀.

Ẹ má fi gaàrí ṣe àpẹẹrẹ osmosis o. Gaàrí ń wú nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rin ín, wọ́n ti yan án, kò sí awọ sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sítáàṣì rẹ̀ ló ń mu omi.

Iṣu ni kí ẹ lò. Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ gbẹ́ ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, ẹ sì bọ ọ̀kan. Ẹ bu omi ṣúgà tó ki sínú ihò tútù kan àti èyí tí ẹ bọ̀, ẹ bu omi lásán sínú èyí tó kù. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwo omi, kí omi àwo má ga tó ẹnu ihò. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi inú iṣu tútù tó ní ṣúgà á ti gòkè, èyí tó ní omi lásán kò ní yí padà. Èyí tí a bọ̀ kò ní gòkè bíi ti tútù, nítorí pé iná ti ba awọ rẹ̀ jẹ́, ṣúgà ń jò jáde. Bí ti tútù bá kọ̀ láti gòkè, ẹ kọ́kọ́ wo èèpo: èèpo iṣu kì í jẹ́ kí omi kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ bó apá tó wà nínú omi. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá ihò náà ti lu ìsàlẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì: ẹ tẹ̀ lé insulin

Dípò kí ẹ máa há orúkọ, ẹ mú purotéènì kan kí ẹ tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Insulin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, dára, nítorí ẹ ó máa gún un lábẹ́rẹ́. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú DNA lórí chromosome 11 (chromosome ni okùn DNA tí a ká), nínú nucleus. DNA kì í jáde. Ẹ̀dà RNA rẹ̀ ló ń gba ihò ara nucleus jáde lọ bá ribosome. Ribosome bẹ̀rẹ̀ sí í so amino acid, ìyẹn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, pọ̀, 110 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn 24 tó wà níwájú jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì tó ń mú ribosome náà lọ lẹ̀ mọ́ endoplasmic reticulum (ER), àpò awọ tí ribosome ara rẹ̀ mú kó rí págunpàgun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gé àdírẹ́ẹ̀sì náà kúrò, ó ku 86, tí wọ́n sì ká a bó ṣe yẹ. Àpò kékeré kan gbé e lọ sí Golgi, ibi tí wọ́n ti ń to purotéènì, láti ibẹ̀ lọ sínú àpò ìpamọ́, níbi tí wọ́n ti gé àárín rẹ̀ kúrò, ó wá ku 51: okùn kan ní 21, èkejì ní 30. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá gòkè, àpò náà á lọ dà pọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, insulin á jáde. Kò la inú ọ̀rá kọjá rárá, awọ ló dà pọ̀ mọ́ awọ.

Ìrìn kan ṣoṣo yìí ti kó nucleus, ribosome, ER, Golgi àti awọ pọ̀. Ẹ wá fi hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, wé e. Hemoglobin kò ní jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ribosome tó ń léfòó nínú cytoplasm ló ń ṣe é, kò gba Golgi kọjá. Kí sẹ́ẹ̀lì pupa tó wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ti ti nucleus rẹ̀ dànù, mitochondria àti ribosome náà sì ń lọ. Kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́, ó ń pẹ́ tó nǹkan bí 120 ọjọ́. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, amino acid kan ṣoṣo ló yí padà, ẹ̀kẹfà lórí okùn beta (ọ̀kan nínú irú okùn méjì tó para pọ̀ di hemoglobin), valine gba ipò glutamic acid, sẹ́ẹ̀lì náà sì máa ń tẹ̀ bíi dòjé, kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn wa, tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe genotype, hemoglobin ni wọ́n ń fi iná yà sọ́tọ̀, wọn kì í wo DNA rárá.

Lysosome (àpò ẹ́ńsáìmù), vacuole (àpò omi) àti àwọn yòókù, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi nípa wọn: kí ni awọ rẹ̀ yà sọ́tọ̀, kí ló sì máa bàjẹ́ bí awọ náà bá ya?

Bakitéríà kò ní nucleus, kò sì ní àwọn yàrá tí awọ pààlà fún. Ribosome rẹ̀ jẹ́ 70S (S ń wọn bó ṣe ń yára rì), ti cytoplasm wa jẹ́ 80S. Ìyàtọ̀ yìí wúlò ní fámásì. Penicillin ń ba ògiri peptidoglycan bakitéríà jẹ́, àwa kò ní ògiri yẹn. Tetracycline àti erythromycin ń dí ribosome bakitéríà lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ògiri, kò ní ribosome, kí ni ampicillin, ẹbí penicillin, fẹ́ ṣe fún un? Kòkòrò ibà ní nucleus bíi tiwa, kò sì ní ògiri peptidoglycan, nítorí náà penicillin kò kàn án. Ẹnì kan á ní doxycycline ń ṣiṣẹ́ fún ibà. Òótọ́ ni, ẹ̀yà kan wà nínú kòkòrò náà tí ribosome rẹ̀ fara jọ ti bakitéríà, ibẹ̀ ni oògùn náà ń bá a jà.

Agbára

Gbólóhùn pé mitochondria jẹ́ ilé agbára kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí: wọ́n kọ́kọ́ gé glúkóòsì sí méjì nínú cytoplasm, láìlo ọ́síjìn, èrè rẹ̀ jẹ́ ATP 2. Èyí nìkan ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń jẹ, ìdáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mitochondria àti ọ́síjìn bá wà, iṣẹ́ á máa lọ, àpapọ̀ èrè á tó 30 sí 32. Ìwé girama á sọ pé 36 tàbí 38, torí pé wọ́n ka NADH kan, ohun tó ń gbé agbára lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ATP, sí ATP 3. Ìwọ̀n tòde òní fi hàn pé ó sún mọ́ 2.5, FADH₂, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì sún mọ́ 1.5. Ẹ kọ èyí tí olùkọ́ yín ń lò nínú ìdánwò, kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀.

Awọ méjì ni mitochondria ní. Ti inú ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀: wọ́n ń ti hydrogen ion jọ sápá kan awọ náà, bó ṣe ń padà gba inú purotéènì kan wọlé ni ATP ń jáde. Láti ibi púpọ̀ síbi díẹ̀, ọ̀rọ̀ awọ náà ló tún dé.

Cyanide, májèlé kan, ń dí purotéènì tó ń lo ọ́síjìn ní ìparí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ á kún fún ọ́síjìn, sẹ́ẹ̀lì kò ní lè lò ó. Ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tó korò, ní ohun tó ń tú cyanide sílẹ̀. Rírin ẹ̀gẹ́, fífún un àti yíyan án ló ń jẹ́ kí cyanide náà jáde kó tó dé ẹnu wa.

Pípín sẹ́ẹ̀lì

Kíkà ló ń ṣòro níbí. Òfin kan ló wà: ẹ ka ibi ìsopọ̀, tí à ń pè ní centromere, ẹ má ka apá. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní chromosome 46. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, chromosome ṣì jẹ́ 46, àmọ́ chromatid, ìyẹn ẹ̀dà méjì tó so pọ̀ ní centromere, ti di 92. Lẹ́yìn mitosis (ìpín sẹ́ẹ̀lì ara), sẹ́ẹ̀lì méjì, 46 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìpín kìíní meiosis (ìpín tó ń ṣe ẹyin àti àtọ̀), chromosome 23, chromatid 46. Lẹ́yìn ìpín kejì, chromosome 23 sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìpín kìíní ló ń dín iye kù, ìkejì kò yàtọ̀ sí mitosis. Interphase, àkókò àárín ìpín kan sí èkejì, kì í ṣe ìsinmi. Ibẹ̀ ni DNA ti ń di méjì.

Bí ẹ bá ń wo orí gbòǹgbò àlùbọ́sà, chromosome 16 ni ẹ ó kà. Ẹ gé mílímítà 2 sí 3 láti ṣóńṣó, ẹ fi sínú hydrochloric acid 1 M ní 60 °C fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ fi acetocarmine tàbí aceto-orcein kùn ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dì mọ́ra wọn, acid kò tíì tó. Bí ẹ kò bá rí èyí tó ń pín rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gé apá òkè, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gùn tí kò pín mọ́.

Ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀: orúkọ gbogbo ìgbésẹ̀ Krebs (apá kan iṣẹ́ agbára inú mitochondria) àti ti ẹ́ńsáìmù wọn, ìyẹn á dé nígbà tí biochemistry bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe awọ àti osmosis nìkan, pẹ̀lú ìṣirò dírípù, títí ẹ ó fi lè ṣe é láìwo ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan tó fún insulin àti hemoglobin, ọ̀sẹ̀ kan fún agbára àti pípín. Bí ẹ bá ń kà, ẹ ya sẹ́ẹ̀lì sórí ìwé òfìfo láìwo nǹkan kan, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró ni ẹ ti máa ṣí ìwé.